Kí ló dé tí ọkàn fi ń fẹ́ sá bí ara bá falẹ̀? Ohun tí yoga lè fi han ará Allen

Bí ẹ bá ti gba Allen Avenue kọjá rí ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó mọ ohun tí à ń sọ. Ọkọ̀ ti tò gbọọrọ dé ráńdábọ́ọ̀tù. Àwọn tó ń lọ sí Opebi fẹ́ kọjá, àwọn tó ti Toyin Street bọ̀ fẹ́ já wọlé sáàárín, dánfó ń fun fèrè, kórópe ń wá àlàfo tí kò sí. Kò sẹ́ni tó lè fò. Síbẹ̀, ẹ wo awakọ̀ kan tó jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀: èjìká rẹ̀ ti gòkè dé ìdí etí, ó ti di eyín pọ̀, ó gbá steering mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ ni kò rìn. Ta ló wá ní kí èjìká máa ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè yìí kéré lójú, àmọ́ òun gan-an ni àwọn tó ń ṣe yoga máa ń bá pàdé lórí ẹní. Bí wọ́n bá ní kí ara yára, ọkàn a ní ohun tó máa sọ. Bí wọ́n bá ní kí ara falẹ̀, ọkàn a tún ní òmíràn. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì, tó sì fara balẹ̀ wò ó, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ìwà tó ti di bárakú sí i lára láìmọ̀: ìkánjú, ìfigagbága, ìbínú, àti fífẹ́ sá kúrò níbi tí nǹkan ò bá ti rọrùn.

Ní Èkó lónìí, àwọn ilé eré ìdárayá kan ń kọ́ni ní yoga, ọ̀pọ̀ sì ń wò ó kọ́ lórí fóònù. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bá lọ ni pé kí ara le, kí ikùn wọlé, kí ẹ̀yìn yé dun wọ́n. Kò burú. Àmọ́ àǹfààní míì wà níbẹ̀ tí fọ́tò orí Instagram kò lè fi hàn.

Kí ni yoga gan-an?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé yoga ni kéèyàn ká ara rẹ̀ bí okùn, tàbí kó fi orí dúró. Apá kan péré nìyẹn. Ilẹ̀ Íńdíà ni yoga ti ṣẹ̀ wá, ọjọ́ rẹ̀ sì ti pẹ́ gan-an. Inú èdè Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ náà, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni "yuj", tó túmọ̀ sí kí á so nǹkan pọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi àjàgà so màlúù méjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ túlẹ̀. Ẹ lè wò ó báyìí pé ara ni màlúù kan, ọkàn ni ìkejì. Bí ọ̀kan bá ń sáré tí ìkejì ń fà sẹ́yìn, ilẹ̀ ọ̀hún kò ní ṣeé tú.

Ìwé tí àwọn oníyoga gbójú lé jù lọ ni Yoga Sutra, tí wọ́n sọ pé Patanjali ló kó o jọ. Ó ti ju 1,500 ọdún lọ tí ìwé náà ti wà. Nínú ẹsẹ ọ̀rọ̀ tó tó 195 tó wà níbẹ̀, mẹ́ta péré ló dá lórí bí ara ṣe ń jókòó tàbí dúró. Ọ̀rọ̀ ọkàn ló gba ọ̀pọ̀ nínú ìyókù: bó ṣe ń rìn kiri, bó ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ, àti bí èèyàn ṣe lè mú un rọlẹ̀. Patanjali ka ohun mẹ́sàn-án tó máa ń dí èèyàn lọ́nà. Lára wọn ni àìsàn, iyèméjì, àìbìkítà, ọ̀lẹ, àti kéèyàn bẹ̀rẹ̀ nǹkan kó má lè dúró tì í. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ará Èkó kò mọ̀.

Àwọn ará Íńdíà tún ní ọ̀rọ̀ kan, "samskara", fún ipa tí ohun tí à ń ṣe lóòrèkóòrè máa ń fi sílẹ̀ sínú ọkàn. Ẹni tó bá ti dé oko rí á mọ irú ipa bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń gba ibì kan lójoojúmọ́, koríko á kú níbẹ̀, ọ̀nà á là. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, èèyàn kì í ronú mọ́ kó tó gbà á. Ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń lọ. Báyìí ni ìbínú ṣe ń rí, báyìí sì ni ìkánjú náà ṣe ń rí.

Lọ́jọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Yoga Lágbàáyé. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tó di ọdún 2016, àjọ UNESCO kọ yoga mọ́ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ aráyé.

Olùkọ́ kan, ọmọ ẹ̀kọ́ méjì, ọ̀nà méjì

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni yoga. Ní àwọn ọdún 1930, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tirumalai Krishnamacharya ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yoga láàfin ọba ìlú Mysore, ní gúúsù Íńdíà. Ọdún 1888 ni wọ́n bí i, ó sì pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú lọ́dún 1989. Méjì nínú àwọn tó kọ́ ṣẹ́ yọ kárí ayé, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀ síra bí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn.

Àkọ́kọ́ ni K. Pattabhi Jois (1915–2009). Tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ashtanga Vinyasa. Nínú irú yoga yìí, ara kì í sinmi pẹ́. Èémí kan, ìṣípòpadà kan: ẹ mí sínú, ọwọ́ gòkè, ẹ mí síta, ara tẹ̀ síwájú, ẹ tún mí sínú, orí gbé sókè. Òógùn á máa bọ́. Ọ̀pọ̀ yoga tó yá tí wọ́n ń ṣe nílé eré ìdárayá lónìí, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ́ ẹ̀ka.

Ìkejì ni B.K.S. Iyengar (1918–2014). Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ìyàwó Krishnamacharya. Ọmọ aláìlera ni Iyengar ní kékeré. Ibà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ikọ́ ife ló bá a fínra. Bóyá ìdí nìyí tí kò fi kánjú. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, èèyàn á dúró lójú kan pẹ́, á máa tún ẹsẹ̀ tò, á máa tún èjìká tò. Bí ọwọ́ kò bá kan ilẹ̀, wọ́n á gbé pákó sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀yìn kò bá lè dá dúró, wọ́n á fi àga tì í. Ìwé rẹ̀, Light on Yoga, tó jáde lọ́dún 1966, ti dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò dé.

Lẹ́yìn wọn ni irú kan tún jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní yin yoga. Èyí falẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Èèyàn lè jókòó tàbí dùbúlẹ̀ lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, láì fi agbára kankan sí i.

Bí ara bá yára, kí ni ọkàn ń ṣe?

Ká mú un pé obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Allen. Ó ti jí láti aago mẹ́rin ààbọ̀, ó ti wọ ọkọ̀ láti Agége, ó ti bá oníbàárà mẹ́wàá sọ̀rọ̀ kó tó di ọ̀sán. Bó bá wọ kíláàsì yoga tó yá nírọ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kó gbádùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí ni pé ohun tó ti mọ́ ọn lára ni: kíá, kíá, ohun tó kàn. Kò sí àyè láti ronú, èyí sì dà bí ìsinmi.

Àmọ́ bó bá fojú sílẹ̀ dáadáa, á rí nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ tirẹ̀ gòkè ju tèmi lọ." Kò sẹ́ni tó ní kó bá a díje, àmọ́ ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje.

Ìkejì, kò sí níbi tó wà. Ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, ọkàn ti dé ibi tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Ara ń ṣe ìkẹta, ọkàn ń ka ìkẹfà. Bó ṣe ń jẹun ọ̀sán náà nìyẹn, bó sì ṣe ń tẹ́tí sí ọmọ rẹ̀ náà nìyẹn.

Ìkẹta, ìyára máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ kò ti lágbára, èèyàn á fi eré fò ó kọjá. Awakọ̀ tó ń fi eré kọjá lórí kòtò kò ní mọ bí kòtò náà ṣe jìn tó, títí ọjọ́ tí táyà á fi jìn sí i.

Kì í ṣe pé ìyára burú o. Ó ń mú kí àyà ṣiṣẹ́, ó ń mú kí òógùn jáde, ó sì ń jí ẹni tó ti rẹ̀. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé ìyára gan-an ni ọkàn wọn ń kọ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á ti máa sọ pé, "Ó ti rẹ̀ mí," "Orí ń fọ́ mi," "Ó di ọ̀la." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dùbúlẹ̀ nínú yin yoga títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó sì máa pè é ní ìfarabalẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ńṣe ló ń sá fún iṣẹ́.

Bí ara bá falẹ̀, ọjà ṣí nínú ọkàn

Ẹ jẹ́ ká dá obìnrin wa padà sórí ẹní, kí wọ́n wá ní kó jókòó, kó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kó tẹ̀ síwájú níwọ̀n tó bá lè tẹ̀ dé, kó sì dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìyẹn nìkan.

Ìdajì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dára. Ẹ̀yìn itan ń fà díẹ̀, kò le. Lẹ́yìn náà ni ọkàn á bẹ̀rẹ̀: "Ṣé olùkọ́ yìí ti gbàgbé wa ni?" Owó iléèwé ọmọ á yọjú. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ lọ́jọ́ Ẹtì á yọjú. Ó á rántí pé òun kò tíì dáhùn ìkíni kan lórí WhatsApp. Imú á máa yún un.

Tó bá kọjá ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í nájà bí ẹni tó wà ní Computer Village: "Jẹ́ kí n gbé orí sókè díẹ̀, màá tún padà." "Mo ti ṣe tó, àwọn tó kù ò lẹ́nì kan tí wọ́n ń bọ́ nílé." Bí ìnájà kò bá gbà, ìbínú á dé: "Kí ni ìranù yìí gan-an? Owó mi ni mo san." Ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn itan kò tíì ṣe ju pé ó ń fà díẹ̀ lọ. Gbogbo ìyókù, ìtàn ni.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú kan ṣoṣo la sì sábà máa ń fi wò wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ohun tí ara ń gbọ́: fífà, gbígbóná, wíwúwo. Ìkejì ni ohun tí ọkàn ń sọ nípa rẹ̀: "Mi ò lè fara dà á," "Wọ́n ń fìyà jẹ mí," "Gbogbo ìgbà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí mi." Ẹni tó bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ ti rí nǹkan gbà. Kò dìgbà tó bá lé ìtàn náà lọ. Kó ṣáà mọ̀ pé ìtàn ni.

Bó bá sì dúró díẹ̀ sí i, ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ tó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ìfẹ́ láti sá náà á ga, á ga, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, bí omi tó hó tí a yọ iná lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà lára ẹní. Ìgbà tí èèyàn bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan, kò ní tètè gbàgbọ́ mọ́ bí ọkàn bá ní, "Dandan ni kí o dá a lóhùn báyìí báyìí."

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà kan, Jon Kabat-Zinn, mú irú ọ̀nà yìí wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts lọ́dún 1979. Ó ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún àwọn tí ìrora wọn ti pẹ́, yoga tó falẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ohun tó kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe lè wo ìrora bó ṣe rí, láì fi ìbẹ̀rù ọ̀la kún un.

Èémí kì í parọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàtakò, ẹ wo èémí. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ìbẹ̀rù tàbí ìbínú bá dé, èémí á kúrú, á gòkè sí àyà. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń dá a dúró láìmọ̀. Ẹnu á máa sọ pé, "Kò sí wàhálà," èémí á sì ti tú àṣírí.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọ̀nà náà ṣeé gbà padà. Èèyàn kò lè pàṣẹ fún àyà rẹ̀ pé kó má lù kìkì, àmọ́ ó lè fa èémí rẹ̀ gùn. Iṣan kan wà tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé àyà àti ikùn, tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara bá ń sinmi. Bí a bá mí falẹ̀ dé nǹkan bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, tí mímí síta sì gùn, ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ iṣan yìí pé kò sí ewu, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ó dà bíi pé Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Tá a bá fẹ́ kí ẹnì kan yé kánjú, a kì í sọ pé kó ronú. A máa ń ní kó fara balẹ̀. Ara la kọ́kọ́ ń gbé sílẹ̀, lẹ́yìn náà la ó tó wá sọ pé ọkàn wa balẹ̀.

Ọkàn ló ń kọ̀ ni, àbí ara ló ń kìlọ̀?

Ibí yìí lewu, ó sì yẹ kó yé wa dáadáa. Gbogbo "rárá" kọ́ ló jẹ́ ti ọkàn tó ń sá. Ìgbà míì wà tí ara ń sọ òótọ́, ẹni tó bá sì ṣorí kunkun á fara pa. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bó bá jẹ́ fífà tó rọra wà ní àárín ẹran ara, tí èémí sì ń lọ geere, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àtakò ọkàn lásán. Ẹ lè dúró díẹ̀ sí i. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìrora tó gún bí abẹ́rẹ́, tó wà ní oríkèé bí orúnkún tàbí ìbàdí, tàbí tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí èémí kò lọ mọ́, ẹ jáde kúrò nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ìyẹn tó bá ti dé 140/90 sókè, àwọn aláboyún, àti àwọn tó ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Dídorí kodò kò dára fún ẹni tó ní glaucoma, nítorí ó máa ń mú kí agbára inú ojú ga sí i. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì gbọdọ̀ torí yoga fi oògùn sílẹ̀.

Ní ti ẹ̀yìn dídùn, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ àti ní ọ́fíìsì, ìròyìn ayọ̀ díẹ̀ wà. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ka yoga mọ́ ohun tí èèyàn lè kọ́kọ́ gbìyànjú fún ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́ kó tó máa gbé oògùn mì.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn?

Ìbéèrè yìí kò ní ṣaláì wáyé nílùú tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti pọ̀ tó báyìí, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Òótọ́ ni pé inú àṣà àti ẹ̀sìn ilẹ̀ Íńdíà ni yoga ti dàgbà, àwọn olùkọ́ kan sì máa ń kọrin tàbí pe orúkọ òrìṣà níbẹ̀. Ní Malaysia lọ́dún 2008, ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ní kí Mùsùlùmí má ṣe yoga tó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú. Àmọ́ ní ọdún 2017, ìjọba Saudi Arabia gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, wọ́n fòfin de yoga ní iléèwé ìjọba lọ́dún 1993. Ọdún 2021 ni wọ́n tó gba ìṣípòpadà ara àti mímí láyè, láìsí orin àti ìkíni èdè Sanskrit.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé ó ṣeé yà sọ́tọ̀, kálukú ló sì máa pinnu ibi tí tirẹ̀ mọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ohun tó wà nínú kíláàsì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ọkàn yín kò bá gbà á, ohun tí àlàyé yìí dá lé kò tìtorí bẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Mùsùlùmí tó ń kírun mọ̀ pé àwọn àfáà máa ń kìlọ̀ kéèyàn má kánjú níbi rúkúù àti ìforíkanlẹ̀, kí ara balẹ̀ kó tó dìde. Kristẹni tó ti gbìyànjú láti dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn àdúrà mọ bí ọkàn ṣe máa ń sá jáde. Ọkàn kan náà ni.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí àga

Kò dìgbà tí ẹ bá ra ẹní olówó ńlá. Lákòókò ìsinmi ọ̀sán, kódà bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá ń pariwo, ẹ jókòó kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, kíákíá. Ẹ dúró. Ẹ wo bí ó ṣe rí.

Ìkejì, ẹ gbé e sókè bí ẹ bá ṣe ń mí sínú, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń mí síta. Ìgbà márùn-ún.

Ìkẹta, ẹ rọra ka ogún kí ọwọ́ tó dé òkè, ẹ tún ka ogún kó tó padà sílẹ̀. Ìgbà mẹ́ta péré. Ẹ máa mí lọ. Ẹ má dá èémí dúró. Bí èjìká bá ń dùn yín tẹ́lẹ̀, ẹ má gbé ọwọ́ kọjá àyà.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni mo ti dá èémí dúró? Ìgbà wo ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀? Kí ni mo sọ fún ara mi lákòókò yẹn? Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Tí ẹ bá ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé gbólóhùn kan náà ló ń padà wá. Ẹlòmíràn, "Ó yẹ kí n ti parí." Ẹlòmíràn, "Wọ́n ń wò mí." Ẹlòmíràn, "Kí ni àǹfààní rẹ̀?" Gbólóhùn tó ń padà wá yẹn ni ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ yín ti là.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ẹ kò fẹ́ràn jù lọ ni kí ẹ máa ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Òun ló ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ.

Ká padà sójú títì

Awakọ̀ wa ṣì wà ní ráńdábọ́ọ̀tù. Yoga kò lè là á lọ́nà, kò sì lè mú kí ọ̀gá rẹ̀ gbà pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló mú kó pẹ́. Kò gbọ́dọ̀ di ojú, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí steering. Àmọ́ ó lè ṣàkíyèsí pé èjìká òun ti gòkè, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó lè gbọ́ ìtàn tí ọkàn ń sọ: "Gbogbo wọn ló ń rẹ́ mi jẹ." Ó lè mí síta kó gùn. Bí dánfó bá wá fi imú gba iwájú rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan á ti wà láàárín ìbínú àti ohun tó máa ṣe. Ẹni tó bá mọ ìjà ojú pópó ní Èkó mọ ohun tí ìṣẹ́jú àáyá kan lè gbani lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣì í gbọ́. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ ká jókòó tì ká máa mí. Ibi tí wọ́n ti ń yan èèyàn jẹ, ibi tí owó oṣù kò ti jáde, sùúrù nìkan kò tó níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ara ló ń kìlọ̀, tó sì yẹ kéèyàn dìde. Ohun tí ẹní ń kọ́ni ni láti mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó bá ń sá ní gbogbo ìgbà kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń fara dà á ní gbogbo ìgbà náà kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti yára rí, tó sì ti falẹ̀ rí, tó wo ohun tí ọkàn rẹ̀ ṣe nínú méjèèjì, òun ló lè sọ pé, "Èyí, mo lè dúró níbẹ̀. Èyí, ó tó kí n kúrò."

Lọ́la, bí ọkọ̀ bá tún tò ní Allen, kí ẹ tó fun fèrè, ẹ kọ́kọ́ wo èjìká yín.